Monk mọ dùùrù tẹ̀, ẹ má tàn wá
Ẹ̀yin oníròyìn, ibi tí ẹ ti ní Thelonious Monk, olórin jáàsì ará Amẹ́ríkà yẹn, ò fi bẹ́ẹ̀ mọ dùùrù tẹ̀ ni mi ò gbà. Ọmọ tí kò tíì pé 20 ọdún tó ń bá ajíhìnrere káàkiri Amẹ́ríkà, tó ń tẹ̀ ẹ́ níbi ìsọjí? Kíbọ́ọ̀dù lèmi náà ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gángan lè fa ohùn láti òkè wálẹ̀, dùùrù ò lè ṣe é. Monk á tẹ kíì méjì tó fara kanra pa pọ̀, etí rẹ á wá máa wá ohùn tó wà láàárín wọn. Mo dán an wò lọ́jọ́ ìdúpẹ́ kan, màmá kan níwájú ní ṣé omi ló wọ kíbọ́ọ̀dù ni. Ọ̀gá akọrin ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀, ojú ló fi bá mi wí.

Ẹni tó kọ̀wé ṣáájú mi, tó ní ọ̀lẹ ló mú Monk jókòó sílé láti 1951, ẹ rọra o. Ọlọ́pàá bá oògùn olóró nínú ọkọ̀ tí òun àti Bud Powell, atẹdùùrù bíi tirẹ̀, wà, wọ́n bá gba káàdì tí olórin fi ń ṣeré nígbà náà níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí ní New York. Bí ọdún 6 nìyẹn. Nellie ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ bọ́ ilé (ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ obìnrin yẹn!). Nígbà tí káàdì padà dé ní 1957, òun àti John Coltrane tó ń fọn saksofóònù jọ ń ṣeré ní Five Spot, ilé ọtí kan ní New York, èrò ń rọ́ wá. Ọ̀lẹ wo nìyẹn?