Stockfish kì í ṣe ẹja tí a kó pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù

Mo tún ti gbọ́ ọ: wọ́n ní ohun tí òyìnbó fi ń pe pánla gbígbẹ, èyí tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko, ní stockfish ni pé ó ṣeé kó jọ sí ṣọ́ọ̀bù fún oṣù púpọ̀. Àwọn mìíràn á ní omi ọbẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní stock ló fa orúkọ. Lóòótọ́ kì í tètè bàjẹ́, omi rẹ̀ sì ń mú ọbẹ̀ dùn, àmọ́ orúkọ náà kò ti ibẹ̀ wá.

Igi ni. Stokvis ni èdè Dutch ń pè é, Gẹ̀ẹ́sì sì yá a níbẹ̀, stok, ọ̀pá ni, vis, ẹja. Jámánì ní Stockfisch, bẹ́ẹ̀ ọ̀pá ni Stock lẹ́nu tiwọn náà. Ohun tó tilẹ̀ parí ọ̀rọ̀ ni pé stockfish ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì kí ọdún 1300 tó pé, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn 1400 ni stock ṣẹ̀ṣẹ̀ ń túmọ̀ sí ẹrù tí a kó pamọ́. Ṣé ọmọ a máa ṣáájú ìyá rẹ̀ dáyé ni?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Lofoten, lápá àríwá Norway. Ẹja cod ni, oṣù kìíní sí oṣù kẹrin ni wọ́n ń pa á. Wọ́n á gé orí rẹ̀, wọ́n á kó ìfun kúrò, wọ́n á fi okùn so ó ní méjì-méjì níbi ìrù, wọ́n á wá fi kọ́ sórí ọ̀pá igi gbọọrọ ní gbangba ìta. Iyọ̀ kì í kàn án. Oníyọ̀ ni wọ́n ń pè ní klippfisk. Afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́ sí i títí di nǹkan bí oṣù karùn-ún. Bí òtútù bá mú jù, omi inú ẹran ara rẹ̀ á di yìnyín, ẹran á fọ́. Bí ooru bá yára dé, eṣinṣin á bà á, ìdin á wọ̀ ọ́. Bó bá gbẹ dáadáa, kílò márùn-ún ẹja tútù á ku nǹkan bíi kílò kan. Orí náà kì í ṣòfò, wọ́n ń sá a lọ́tọ̀, Nàìjíríà ni ọjà rẹ̀ tó tóbi jù.

Àwọn kan ní kì í ṣe ọ̀pá tí wọ́n fi kọ́ lorúkọ ń wí, pé líle tó le bí igi ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ayùn ṣáà ni àwọn tó ń tà á fi ń rẹ́ ẹ.