Èsì DNA yín yàtọ̀ sí ti àbúrò yín? Ẹ fi ìyá yín sílẹ̀ jàre

Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà àti Brazil ń ṣe tẹ́ẹ̀sì DNA tó ń sọ ibi tí ìran èèyàn ti wá gan-an báyìí. Ká ní ẹ̀gbọ́n rí Nàìjíríà 31%, àbúrò rí 24%, kíá lẹ máa rí ẹni tó máa sọ pé "ẹ lọ bi ìyá yín léèrè o".

Ohun tó ń dà wọ́n lójú rú ni pé wọ́n rò pé 25% géérégé lèèyàn ń gbà lára òbí àgbà kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni. Lóòótọ́ ìdajì wá látọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì látọ̀dọ̀ ìyá, ṣùgbọ́n nínú ìdajì tí bàbá fún ẹ yẹn, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n kí ti bàbá ẹ̀ àti ti ìyá ẹ̀ lè dọ́gba. Méjì méjì ni krómósóòmù wa, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín tó gbé DNA wa, orísìí 23, ọ̀kan látọ̀dọ̀ bàbá, ìkejì látọ̀dọ̀ ìyá, tí ara bá wá fẹ́ ṣe àtọ̀ tàbí ẹyin, àwọn méjèèjì á fara mọ́ra, purotéènì kan nínú ara tó ń jẹ́ SPO11 á gé DNA káàkiri, ara á sì máa tún un ṣe, ọ̀pọ̀ á kàn padà sí bó ṣe wà, àmọ́ níbì mélòó kan, apá kan ti bàbá àgbà á so mọ́ ti ìyá àgbà, bíi kí télọ̀ gé ànkárá méjì kó wá rán apá kan eléyìí mọ́ ìyẹn. Nínú àtọ̀ kan, irú pàṣípààrọ̀ yìí ò ju bíi 26 lọ, ti ẹyin tó bíi 40. Ìyẹn ni pé ẹyọ kan tàbí méjì péré ló máa ń bọ́ sórí ọ̀pọ̀ krómósóòmù, ègé ńláńlá lèèyàn ń gbà, báwo ló ṣe fẹ́ dọ́gba, tí ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò á fi rí bákan náà?

Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni ti ẹyin: inú oyún ni pàṣípààrọ̀ tiẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹyin tó padà di ìwọ, ìyá ẹ ṣì wà nínú ìyá ẹ̀ nígbà tí wọ́n ti gé e tí wọ́n sì ti so ó.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá kan bàbá kan ni yín, ẹ má wo orúkọ orílẹ̀-èdè, ẹ wo iye DNA tẹ́ ẹ jọ ní. Àwọn tó jọ ní ìyá àti bàbá máa ń wà láyìíká 50%, ẹlòmíì lè sún mọ́ 40, ẹlòmíì 60. Ọbàkan tàbí iyèkan, àyíká 25 ni.