ECG Tó Mọ́ Lẹ́yìn Ìkọlù Ọkàn Kì Í Ṣe Ìwé Ìdásílẹ̀

"Ẹ má dààmú mọ́, àǹtí. Dádì ti tún ECG ṣe, ó mọ́ tónítóní. Kò sí nǹkan kan nínú ọkàn wọn mọ́." Ọmọkùnrin kan tí ìdílé rẹ̀ ń gbé ní Adéníji-Adélé ni ó sọ èyí fún mi lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú rẹ̀ sì dùn débi pé n kò mọ bí mo ṣe fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní ìkọlù ọkàn ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n tọ́jú wọn, wọ́n fi stent, irin kékeré oníhò tí kì í jẹ́ kí iṣan tún padé, sí ọ̀kan nínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn, wọ́n sì kó oògùn lé wọn lọ́wọ́. Ní báyìí tí pépà ECG, àyẹ̀wò tí ń ya iná mànàmáná inú ọkàn sórí pépà, ti dára, àwọn ará ilé ti ń bi ara wọn léèrè ohun tí bàbá ṣì ń lo oògùn fún.

Iṣẹ́ ECG yíya ni mò ń ṣe jẹun, ní ibùdó àyẹ̀wò kan ní Yábàá, ìbéèrè tí ó sì ti sú mi jù nínú gbogbo èyí tí àwọn ènìyàn ń bi mí ni "Ṣé ó páàsì?" Kò sí ẹni tí ń páàsì ECG. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó nu òógùn kúrò láyà aláìsàn, èyí tí kì í rọrùn nígbà tí iná bá lọ tí fáànù sì dúró, a ó fá irun díẹ̀ bí ó bá pọ̀, a ó fi jẹ́lì sí i, a ó lẹ ohun mẹ́fà mọ́ àyà, a ó sì fi mẹ́rin yòókù mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ náà á gba iná mànàmáná tí ń gba inú ẹran ọkàn kọjá sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, lórí pépà tí ń rìn ní mílímítà 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò rí inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Kò wọn agbára tí ọkàn fi ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ ti há gan-an lè máa rí ẹ̀jẹ̀ tó o lò níwọ̀n ìgbà tí ó bá nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì mi tí kò ṣe iṣẹ́ kankan, ilà rẹ̀ yóò sì gún régé. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ sọ pé ọkàn ti san dà bí ẹni tí ó ya fọ́tò afárá Third Mainland ní agogo mẹ́rin ìdájí, tí ó wá ń búra pé kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ l'Ékòó.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ: ṣebí ECG náà ni dókítà fi mọ̀ pé ìkọlù ọkàn ni, kí ló dé tí kò lè fi sọ pé ó ti tán? Nítorí pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: ọ̀kan ni dídá ìkọlù tí ń ṣẹlẹ̀ mọ̀, èkejì ni sísọ bóyá ewu ọ̀la ti lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀.

Ibi tí ECG ti lágbára ní tòótọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú ni inú wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́, kì í sì í ṣe pépà kan ṣoṣo ni a ń wò níbẹ̀, méjì ni: èyí tí a yà kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí a yà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan pátápátá, apá kan nínú ilà náà tí à ń pè ní ST máa ń gbéra sókè kúrò ní ipò rẹ̀. Bí a bá fún aláìsàn ní oògùn tí ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, dókítà máa ń retí pé láàárín ìṣẹ́jú 60 sí 90 kí gíga yẹn ti fi ó kéré tán ìlàjì bọ́ sílẹ̀. Bí kò bá bọ́, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí iṣan náà má tíì là, ó sì yẹ kí wọ́n gbé aláìsàn náà lọ síbi tí wọ́n ti lè fi wáyà àti bálúùnù là á ní kíákíá. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1995 lórí irú àwọn aláìsàn báyìí wo ilà wọn ní wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oògùn. Nínú àwọn tí ST wọn bọ́ sílẹ̀ ní ìdá 70 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, 2.5 nínú 100 ni ó kú láàárín ọjọ́ 35. Nínú àwọn tí tiwọn bọ́ tó ìdá 30 ṣùgbọ́n tí kò tó 70, 4.3, nínú àwọn tí tiwọn kò bọ́ tó ìdá 30, 17.5. Ìyàtọ̀ ńlá ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn dáadáa: àwọn tí ilà wọn dára jù lọ náà ṣì ń kú. Kódà, nígbà tí wọ́n bá fi bálúùnù la iṣan ńlá tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn nínú rẹ̀ lójú àwòrán, ST lè kọ̀ láti bọ́ nítorí pé àwọn iṣan tín-ín-rín inú ẹran ọkàn ṣì dí.

Èyí tí ó tó láti pa àríyànjiyàn yìí, lójú tèmi, ni ìwádìí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní CAST. Àwọn oníṣègùn ti ṣàkíyèsí tipẹ́ pé lẹ́yìn ìkọlù ọkàn, ọkàn àwọn aláìsàn kan máa ń ju ìlù òjijì sáàárín ìlù tí ó yẹ kí ó máa lù, ó sì máa ń hàn kedere lórí ilà, àgàgà lórí ẹ̀rọ tí a máa ń so mọ́ ènìyàn lára fún wákàtí 24. Wọ́n tún rí i pé ikú òjijì pọ̀ láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ó wá dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti yanjú: ẹ fún wọn ní oògùn tí yóò pa ìlù òjijì náà, ilà á mọ́, ikú á sì dínkù. Àwọn dókítà sì ti ń kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn káàkiri kí ẹnikẹ́ni tó dán an wò dáadáa.

Àwọn tí wọ́n yàn sínú CAST ni àwọn tí oògùn ti fọ ilà wọn mọ́ ná. Ẹni tí oògùn kò bá ran ìlù òjijì rẹ̀ kì í wọlé sí apá pàtàkì ìwádìí náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pín wọn sí ọ̀nà méjì láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀: àwọn kan ń lo oògùn gidi, encainide tàbí flecainide, àwọn yòókù ń lo èyí tí kò ní nǹkan kan nínú. Ní ọdún 1989 ni wọ́n fi ìkánjú dá àwọn oògùn méjèèjì dúró. Àbọ̀ tí ó jáde ní 1991 sọ ìdí rẹ̀: nínú àwọn 755 tí ó lo oògùn gidi, 63 ni ó kú, nínú àwọn 743 tí kò lò ó, 26. Àwọn tí ilà wọn mọ́ ni ikú pa jù, ó ju ìlọ́po méjì lọ. Fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá gan-an nìyẹn, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó sì ṣe é, kì í ṣe àwọn aráàlú. Bí ilà mímọ́ bá jẹ́ ẹ̀rí pé ewu ti lọ, kò yẹ kí nọ́ńbà wọ̀nyí rí bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ohun tí ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú jù ni bí ọkàn ṣe ń tú ẹ̀jẹ̀ jáde sí, echo, àyẹ̀wò tí ń fi ìró ya àwòrán ọkàn bí ó ṣe ń lù, ni wọ́n sì fi ń wò ó. Ní ọdún 2002, ìwádìí MADIT II gba aláìsàn 1,232 tí wọ́n ti ní ìkọlù ọkàn rí, tí ọkàn wọn kò sì tú ju ìdá 30 nínú 100 ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ jáde ní ìlù kan. Wọn kò bèèrè pé kí ilà wọn kọ́kọ́ burú kí wọ́n tó gbà wọ́n. Nọ́ńbà yẹn nìkan tó. Nínú àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tí ń ta ọkàn jí sí lára, 14.2 nínú 100 ni ó kú, nínú àwọn tí wọn kò fi sí lára, 19.8. Ó sì lójú ọjọ́ tí wọ́n ń wo nọ́ńbà náà: ẹran ọkàn tí ìkọlù mú kí ó dẹ́kun iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tíì kú lè jí padà, nítorí náà wọ́n máa ń dúró tó nǹkan bí ọjọ́ 40 lẹ́yìn ìkọlù kí wọ́n tó tún un wò láti ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀.

Mo gbà pé ó ṣọ̀wọ́n kí ECG mọ́ pátápátá kí agbára ọkàn sì ti bàjẹ́ gidigidi. Ẹni tí ó fẹ́ kí n gba ìyẹn, mo ti gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó ń pa àwọn tí mo mọ̀ nìyẹn.

Oníbàárà wa kan, bàbá tí ń ta aṣọ ní Balógun, máa ń dé kí a tó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì máa ń gbá pépà rẹ̀ mọ́ àyà bí ó bá ti gbà á. Stent wà lára òun náà. Ilà rẹ̀ dára, èmi ni mo yà á, mo sì sọ fún un pé kí ó gbé e lọ fún dókítà rẹ̀. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù dípò bẹ́ẹ̀, ó fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n bá a yọ̀, ó sì dá aspirin àti clopidogrel dúró lọ́jọ́ kan náà nítorí pé owó oògùn ti ń ga. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀jẹ̀ fi dì sínú stent náà. Orí ló yọ ọ́. Oògùn méjì yẹn ni wọ́n sábà máa ń ní kí irú wọn lò pọ̀ fún ọdún kan lẹ́yìn ìkọlù ọkàn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì mọ́ irin tí ara kò tíì bò. Kò sì sí ibi kankan lórí ECG tí a ti lè rí i lónìí pé yóò dì lọ́la. Ìgbà tí ó bá dì tán ni ilà máa ń yí padà.

Òdì kejì ọ̀rọ̀ náà wà pẹ̀lú, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹ́ dá a sílẹ̀. Ẹ̀rọ máa ń tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ pépà, àwọn ènìyàn á kà á nínú ọkọ̀, jìnnìjìnnì á bò wọ́n. Àpá ìkọlù àtijọ́ lè wà lórí ilà títí ayé láìjẹ́ pé nǹkan tuntun ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ti sọ ẹran ọkàn di kíki máa ń yí ilà padà. ST ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú tí ara wọn le koko sì máa ń ga díẹ̀ láti ilẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí pépà àtijọ́ fi ṣe pàtàkì ju èyí tí ẹ̀rọ kọ lọ, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ kì í mú un dání. Pépà ECG kò fẹ́ ooru, inú ike tí àwọn ènìyàn ń tọ́jú rẹ̀ sí sì lè mú kí ó tètè ṣá, débi pé èyí tí wọ́n yà ní ọjọ́ tí ìkọlù ṣẹlẹ̀ ti di pépà funfun nígbà tí dókítà bèèrè fún un. Ẹ fi fóònù yà á ní ọjọ́ tí ẹ bá gbà á, kí déètì àti aago rẹ̀ hàn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnìkan nínú ilé tí kì í yára pa nǹkan rẹ́.