Ẹ má fi fínígà fọ ojú tí sódà ta sí

Wọ́n ń pín in kiri pé bí kọ́sítíìkì sódà bá ta síni lójú tàbí lára, kí a sáré da fínígà sí i, pé fínígà tó jẹ́ ásíìdì á pa agbára sódà tó jẹ́ álíkálì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Òótọ́ ni pé àwọn méjèèjì ń pa agbára ara wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń ṣe é ni ooru ń jáde, ooru yẹn á sì tún jó ibi tó ti bó tẹ́lẹ̀. Omi tó mọ́, tó ń ṣàn, ni kí ẹ lò, fún 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ bọ́ aṣọ tó kàn, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Àwọn kan tún ní álíkálì kò le tó ásíìdì. Irọ́ ni. Láyé àtijọ́, omi eérú, tó jẹ́ álíkálì, ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ ọ̀rá tó fi ń di ọṣẹ. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó ń tọ́ka sí eérú ewéko ni orúkọ álíkálì gan-an ti wá. Ohun tí álíkálì ń ṣe fún ọ̀rá inú ìkòkò náà ló ń ṣe fún ọ̀rá ara wa. Yíyọ̀ tí álíkálì máa ń yọ̀ bí ó bá kan ọwọ́, díẹ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá awọ ara yín tó ti ń di ọṣẹ! Ásíìdì a máa mú ẹran ara dì, dídì náà á sì dí i lọ́nà díẹ̀. Álíkálì ń yọ́ ọ ni, ó sì ń wọlé lọ, nígbà mìíràn kí ẹni náà tó mọ ìrora rárá.