Ta ni ẹ há máìkì mọ́ láyà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìdána ní Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, torí ta ni ẹ ṣe ń gba sípíkà? Sátidé tó kọjá, ní gbọ̀ngàn kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, sípíkà ga jù mí lọ, orin ń mi kóòkì orí tábìlì, síbẹ̀ n ò gbọ́ gbólóhùn kan péré nínú ìwúre ìyá bàbá ìyàwó.

Màmá ti dàgbà gan-an. Wọ́n gbé e jókòó níwájú, ọkọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀ tán, ìyàwó wà lórí ìkúnlẹ̀. Alága ìjókòó na máìkì sí i. Màmá gbá a mú bí ẹni gbá orógùn mú, ó gbé e lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúre. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwa ti ẹ̀yìn ń wo ẹnu. Bí àwọn ti iwájú bá ti ní "Àmín," àwa náà á ní "Àmín." Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n ò mọ ohun tí mo ṣe àmín sí. Alága wá gba máìkì padà, ó ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà?" Níbo la ti gbọ́ ọ!

Èyí tó dùn mí jù ni pé máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ wà níbẹ̀ o. Àyà alága ló wà! Alága tí ohùn rẹ̀ á dé Ọlá-Ìyá láìsí iná.

Nígbà tí wọ́n ń pín oúnjẹ, mo lọ bá ọmọkùnrin tó ń ṣe sáùǹdì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, nǹkan yẹn lẹ́jọ́." Ó ní abẹ́ àgbọ̀n ló yẹ kó wà, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí aṣọ má bò ó. Iyùn ń gbá a, agbádá tí wọ́n ń ká sí èjìká ń ha á, gbogbo rẹ̀ ló ń dún kàrà-kàrà nínú sípíkà. Àpótí tó ń fi ohùn ránṣẹ́, bẹ́líìtì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ìrọ́ kò sì ní bẹ́líìtì. Èyí tó wọ́pọ̀ nínú irú máìkì yẹn, tọ̀tún tòsì ni wọ́n ń gbọ́: bí onídùndún bá sún mọ́ ọn, ìlù ló máa gbé. Bí ẹni tó há a mọ́ra bá sì rìn kọjá níwájú sípíkà, ohùn tó jáde á tún gba ibẹ̀ wọlé, gbogbo gbọ̀ngàn á máa han wììì.

Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n màmá kò rìn lọ síbì kankan, ó jókòó jẹ́ẹ́! Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní alága ló gbé tiẹ̀ wá láti ilé, wọn ò sì sanwó òmíràn. Wọ́n sanwó dróònù tó ń fò lórí wa o.

Àwọn kan á ní Ọlọ́run gbọ́ àdúrà yẹn. Ẹ gbé ìyẹn jìnnà jàre. Bó bá jẹ́ Ọlọ́run nìkan ni, kí lẹ wá pè wá fún?

Mo ń ráhùn báyìí fún ọ̀rẹ́ mi kan, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní níbi ìdána kan ní Òkè Fìà, bàbá ìyàwó ni wọ́n há a mọ́. Bàbá sọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó rántí pa máìkì. Ni bàbá bá yọ́ lọ bá àwọn alásè, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ ketekete: "Ẹ má jẹ́ kí tòlótòló yẹn dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ọkọ o."

N ò rí èsì fọ̀ sí ìyẹn. Mo ṣì ní màmá ni kí ẹ há a mọ́. Ṣùgbọ́n ìdána àbúrò mi ń bọ̀ ní Oṣù Kejìlá, mo sì mọ ẹnu ìyá wa.