Irọ́ ni pé Java kò ní pointer

"Java kò ní pointer, reference ló ń lò." Ohun tí wọ́n máa ń fi tu ẹni tó ń ti C++ bọ̀ sí Java nínú nìyẹn (èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni méjèèjì). Kì í ṣe òótọ́, ó sì ń kó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ sí wàhálà.

Bí kò bá sí pointer, ìyẹn àdírẹ́sì tó ń tọ́ka sí ibi tí nǹkan wà nínú mẹ́mọ́rì, kí ló wá ń jẹ́ NullPointerException, àṣìṣe tí Java máa ń gbé jáde bí reference tí ẹ fẹ́ lò kò bá tọ́ka sí nǹkankan? Java Language Specification, ìwé òfin èdè náà gan-an, sọ ọ́ láìfi bò pé pointer tó ń tọ́ka sí object (ohun tí ètò dá sílẹ̀ sínú mẹ́mọ́rì) ni reference. Ohun tí Sun Microsystems yọ kúrò nígbà tí Java jáde ní 1995 ni ìṣirò orí pointer: ẹ kò lè fi 1 kún un kí ẹ fi bọ́ síbòmíràn nínú mẹ́mọ́rì. Ìpinnu tó dáa ni, lójú tèmi.

Reference ti C++ yàtọ̀ pátápátá. Orúkọ kejì fún ohun tó ti wà nílẹ̀ ni. Ẹ kò lè darí rẹ̀ síbòmíràn. Ti Java lè jẹ́ null (kó má tọ́ka sí nǹkankan), ó sì lè fi object kan sílẹ̀ lọ bá òmíràn. Pointer C++ ló bá tan.

Inú function (apá ètò tó ń ṣe iṣẹ́ kan) ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù. Wọ́n ní Java ń fi object ránṣẹ́ "by reference", ìyẹn ni pé orúkọ inú function àti ti ìta jẹ́ ohun kan náà. Ẹ kọ `swap(Akeko a, Akeko b)` kó pààrọ̀ a àti b: níta, kò sí ohun tó yí padà. Ní C++, pẹ̀lú `Akeko&` (reference ti C++), wọ́n á pààrọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀dà reference ni Java ń fún function, bí ẹni da àdírẹ́sì ilé kọ fún pẹ́ńtà. Bó bá kun ilé náà lọ́dà, ẹ ó rí i. Bó bá pa àdírẹ́sì ọwọ́ rẹ̀ rẹ́, tó kọ òmíràn, tiyín ò yí padà. Ìdí nìyẹn tí `a.setOruko("Bọ́lá")` fi ń hàn níta, tí `a = new Akeko()` kì í hàn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni èdè Python ṣe ń ṣe. "Call by sharing" ni onímọ̀ kọ̀ǹpútà Barbara Liskov pè é nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè CLU, láàárín ọdún 1970 sí 1979.

Ẹni tó ń ti Java lọ sí C++ ni kó ṣọ́ra jù. Ní Java, `Akeko b = a;` ń tọ́ka sí object kan náà; ní C++, object tuntun ló dá sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìwà ti Java, `Akeko* b = &a;` ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ `Akeko& b = a;`, torí bí ẹ bá wá kọ `b = c;` lẹ́yìn náà, ohun tó wà nínú a gan-an ni c máa pa rẹ́.