Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Àfọ̀njá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀ròyìn yín kọ ọ́ pé ìwà ọ̀dàlẹ̀ lásán ni ọ̀rọ̀ Àfọ̀njá, olórí ogun Ọ̀yọ́ tó wà ní Ìlọrin, àti àwọn ọmọ Ṣéù Àlímì, àlùfáà Fúlàní. Ó yára dájọ́ jù. Ìyá bàbá mi ní àdúgbò Gàm̀bàrí ní Ìlọrin kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Lójú tiwọn, ìgbà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù fìdí múlẹ̀ ní Ìlọrin ni. Tẹ̀sùbáà á wà lọ́wọ́ wọn, wọn á dánu dúró láàárín ìtàn, wọn á ṣe àdúà fún Àlímì kí wọ́n tó máa bá a lọ. Ṣùgbọ́n ní Ọ̀fà, bí ìyá ìyá mi bá ti gbọ́ "Ìlọrin", ogun tó lé àwọn baba wọn kúrò nílé ni wọ́n máa ń rántí. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Àfọ̀njá fúnra rẹ̀, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló kọ́kọ́ kọ̀yìn sí Aláàfin, òun náà ló sì ké sí Àlímì. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹjọ́ tó máa dá yàtọ̀ sí ti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n pa Àfọ̀njá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tún kọ òmíràn, ẹ dé Ìdí-Àpẹ́ náà, àdúgbò Àfọ̀njá ní Ìlọrin, ẹ jókòó ti àwọn àgbà ibẹ̀.